Tí ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin bá pe mínísítà, kí ló kù lẹ́yìn ariwo?

AráÌlú
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹgbẹ́ tí mo wà nínú rẹ̀ ń tọpa owó tí ìjọba ń ná lórí ilé ìwòsàn. A rí iṣẹ́ kan tí wọ́n ní àwọn ti san owó rẹ̀ tán, ilẹ̀ lásán la bá níbẹ̀. A fẹ́ kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìlera nílé aṣòfin. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé gbogbo ìjókòó ìgbìmọ̀ tí mo ti wò, bákan náà ni wọ́n ṣe ń parí: aṣòfin á jágbe mọ́ ọ̀gá iléeṣẹ́, ọ̀gá iléeṣẹ́ á tọrọ àforíjì, wọ́n á ní kó padà wá, a ò sì ní gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ṣé agbára gidi wà lọ́wọ́ àwọn ìgbìmọ̀ yìí? Níbo ni wọ́n ti rí i? Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà láti inú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye.

Alágbàwí
Agbára wà. Ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí ló yàtọ̀. Ní Kẹ́ńyà, abala 125 nínú òfin orílẹ̀-èdè tọdún 2010 sọ ọ́ kedere pé ilé aṣòfin méjèèjì àti àwọn ìgbìmọ̀ wọn lè pe ẹnikẹ́ni wá jẹ́rìí. Agbára tí ilé ẹjọ́ gíga ní láti fipá mú ẹlẹ́rìí wá, láti mú un búra, láti gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ìgbìmọ̀ náà ní in. Ní Nàìjíríà, abala 88 àti 89 nínú òfin tọdún 1999 ni. Ìgbìmọ̀ lè gba ẹ̀rí, ó lè kọ ìwé ìpè, tí ẹni tí wọ́n pè bá sì kọ̀ láìnídìí, ó lè kọ ìwé àṣẹ tí ọlọ́pàá máa fi mú un wá. Abala 128 àti 129 ṣe irú rẹ̀ fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ààlà tó wà níbẹ̀ dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwádìí ń fọ́ sí. Abala 88 ní ilé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ìpinnu, kí wọ́n sì tẹ ìpinnu náà sínú ìwé àkọsílẹ̀ ilé tàbí ìwé ìròyìn ìjọba. Ó tún ní ìwádìí náà gbọ́dọ̀ jẹ́ fún òfin tí wọ́n fẹ́ ṣe tàbí tí wọ́n fẹ́ tún ṣe, tàbí láti tú àṣírí ìwà ìbàjẹ́, iṣẹ́ tí kò kúnjú òṣùwọ̀n àti ìfiowóṣòfò. Tí mo bá ń gbèjà ọ̀gá iléeṣẹ́ tí wọ́n pè, ibẹ̀ yẹn ni màá kọ́kọ́ wò. Ìgbìmọ̀ tó bá fò ó dá, ilé ẹjọ́ lè dá a dúró kí ó tó bi ìbéèrè kan.

Ní Amẹ́ríkà, òfin orílẹ̀-èdè wọn kò tiẹ̀ dárúkọ agbára yìí rárá. Lílò ni wọ́n lò ó títí ó fi di tiwọn. Ní 1792, lẹ́yìn tí àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ ṣẹ́gun ọmọ ogun Ọ̀gágun St. Clair, ilé aṣòfin kékeré yan ìgbìmọ̀ láti wádìí rẹ̀, wọ́n sì béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba. Ààrẹ Washington pe àwọn mínísítà rẹ̀ jọ kí wọ́n gbèrò bóyá kí òun kó o fún wọn. Ó kó o fún wọn. Ọdún 1927 ni ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ wá fìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú ẹjọ́ McGrain àti Daugherty pé ilé tí kò bá lè wádìí kò lè ṣòfin tó mọ́yán lórí.

AráÌlú
Ẹ ṣeun gan-an sà. Ó yé mi pé ẹni tí wọ́n pè kò lè kàn jókòó sílé. Tó bá wá, tó búra, tó sì ń sọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀ ńkọ́? Báwo ni aṣòfin ṣe fẹ́ mọ̀ pé irọ́ ni?

Ayẹ̀wéOwóWò
Ìbéèrè yìí gan-an ló yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ látorí rẹ̀. Aṣòfin kò lè mọ ohun tó wà nínú fáìlì iléeṣẹ́ ìjọba. Ẹlòmíì gbọ́dọ̀ ti wọ ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀, kí onítọ̀hún ti ka ìwé ìsanwó níkọ̀ọ̀kan, kó sì kọ ohun tó sọnù sílẹ̀. Iṣẹ́ tiwa nìyẹn. Ní 1861, nígbà tí Gladstone ń ṣe mínísítà ìṣúná, ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ìgbìmọ̀ àkọsílẹ̀ owó ìlú sílẹ̀. Ní 1866, òfin dá ipò ọ̀gá àgbà ayẹ̀wéowówò sílẹ̀ láti máa yẹ owó iléeṣẹ́ ìjọba wò fún ilé. Láti ìgbà náà ni àwọn méjèèjì ti ń rìn pọ̀, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì ti gba ètò yẹn lọ́wọ́ wọn. Abala 85 òfin Nàìjíríà náà ní kí ayẹ̀wéowówò àgbà gbé àbọ̀ rẹ̀ lọ sí ilé méjèèjì láàárín 90 ọjọ́ tí ìwé owó ọdún bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, kí ilé kọ̀ọ̀kan sì gbé e fún ìgbìmọ̀ tó ń rí sí owó ìlú.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan ṣàlàyé, nítorí bí ètò yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ fi 234 mílíọ̀nù pọ́n-ùn ran Malaysia lọ́wọ́ láti kọ́ dáàmù Pergau tí yóò máa pèsè iná mànàmáná. Sir Tim Lankester ni akọ̀wé àgbà iléeṣẹ́ tó ń rí sí ìrànwọ́ fún ilẹ̀ òkèèrè nígbà náà. Ó ní kò yẹ kí wọ́n ná owó náà, torí èrè iṣẹ́ náà kò tó owó tó fẹ́ jẹ. Lọ́dọ̀ wọn, akọ̀wé àgbà ló ń dáhùn fún owó iléeṣẹ́ rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀, kò lè ní mínísítà ló rán òun níṣẹ́. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló fi lè bọ́: kó ní kí mínísítà fi àṣẹ náà sínú ìwé, kó fọwọ́ sí i. Lankester béèrè. Douglas Hurd, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, kọ ọ́ fún un ní 1991.

Ìwé kan ṣoṣo yẹn ló tú gbogbo rẹ̀. Àbọ̀ àwọn ayẹ̀wéowówò jáde ní 1993. Ìgbìmọ̀ pe Lankester ní 1994, ó sì ro tẹnu rẹ̀ níwájú wọn. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún náà, ilé ẹjọ́ gíga dájọ́ pé owó dáàmù yẹn lòdì sí òfin ìrànwọ́. Kò sí aṣòfin tó pariwo ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ nínú gbogbo èyí. Ohun tó ṣiṣẹ́ ni pé orúkọ ẹnì kan wà nídìí owó, àkọsílẹ̀ sì wà fún ìgbà tó kọ̀ àti ìgbà tí wọ́n fi dandan lé e.

Ibi tí ètò yìí ti ń kú ni ìdádúró. Àbọ̀ tó bá pẹ́ púpọ̀ kó tó dé iwájú ìgbìmọ̀ á bá ẹni tó ná owó náà ní ilé ìfẹ̀yìntì, ẹni tó jókòó níwájú ìgbìmọ̀ á sì máa ní “wọn ò tí ì gbé mi wá síbẹ̀ nígbà náà.” Ó máa ń dùn mí dé egungun.

Akẹ́kọ̀ọ́Ìṣèlú
Ẹ kú àlàyé, ẹ̀yin àgbà. Ohun kan ń ta mí lẹ́nu. Níbi tí ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba bá ti ní ọmọ tó pọ̀ jù nílé aṣòfin, àwọn náà ló máa pọ̀ jù nínú ìgbìmọ̀. Ta ló máa gbà kí wọ́n wádìí ọ̀gá ẹgbẹ́ tirẹ̀? Ìwé ìpè, ìwé àṣẹ, gbogbo rẹ̀ ń dúró de ìbò ni. Mínísítà tó bá ní ọ̀rẹ́ tó pọ̀ nínú ìgbìmọ̀ kò ní gba ìwé kankan láéláé.

Alágbàwí
Òótọ́ lo sọ, àbúrò, àwọn tó ṣe òfin Jámánì sì ti rò ó. Abala 44 nínú òfin ìpìlẹ̀ wọn ní tí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn aṣòfin bá béèrè fún ìgbìmọ̀ ìwádìí, dandan ni kí ilé dá a sílẹ̀, yálà ìjọba fẹ́ tàbí kò fẹ́. Lẹ́yìn ìbò 2013, àwọn ẹgbẹ́ ńlá méjì ṣèjọba pọ̀ débi pé alátakò kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin mọ́. Ní 2014, ilé tún ìlànà ara rẹ̀ ṣe fún sáà yẹn kí aṣòfin 120 lè béèrè rẹ̀. Inú mi dùn sí i gan-an pé àwọn tó ní agbára láti pa alátakò lẹ́nu mọ́ ló dìbò fún un.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àṣà wọn ni pé ọmọ ẹgbẹ́ alátakò ló ń ṣe alága ìgbìmọ̀ àkọsílẹ̀ owó ìlú. Láti 2010 sì ni gbogbo ilé ti ń dìbò ìkọ̀kọ̀ yan ọ̀pọ̀ àwọn alága ìgbìmọ̀, tí kì í ṣe ọwọ́ àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ mọ́. Alága tó mọ̀ pé kì í ṣe olórí ìjọba ló fi òun síbẹ̀, ohùn rẹ̀ máa ń yàtọ̀.

Adúróṣinṣin
Ẹ má bínú pé mo bu omi tútù sí i. Ní 2019, ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ ń yìn yìí dájọ́ pé Dominic Cummings, tó darí ìpolongo kí wọ́n kúrò nínú àjọ ilẹ̀ Yúróòpù, tàbùkù ilé nítorí pé ó kọ̀ láti wá jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ kan. Kí ni wọ́n fi ṣe é? Wọ́n bá a wí lórí ìwé. Kí ọdún náà tó parí, ó ti di olùdámọ̀ràn àgbà fún olórí ìjọba.

Lọ́dọ̀ tiwa ní Nàìjíríà, ní 2012, alága ìgbìmọ̀ ilé aṣojú-ṣòfin tó ń wádìí owó ìrànwọ́ epo gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ìwádìí kàn. Ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi ní 2021. Ní 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ fọwọ́ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 5 fún un lórí 500,000 dọ́là tó gbà. Àwa ará ìlú tá a gbójú lé ìwádìí yẹn, ìrètí wa ṣòfò. Tí ẹni tó ń ṣọ́ ilé bá ń jalè, ta ló kù? Mi ò sọ pé kí AráÌlú má kọ̀wé o. Mo ń sọ pé kó mọ irú ọwọ́ tó fẹ́ fi ìwé náà sí.

Akọ̀wéTẹ́lẹ̀
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí bọ̀ láti òkè. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, mi ò ní sọ ilé aṣòfin tí mo ti ṣiṣẹ́. Adúróṣinṣin, ọ̀rọ̀ yín kò ṣeé jà níyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ẹjọ́ 2012 yẹn dé ilé ẹjọ́ torí pé ìwádìí náà wáyé ní gbangba, ojú gbogbo ènìyàn sì wà lára rẹ̀. Ibi tí ìgbìmọ̀ bá ti ń jókòó nínú yàrá títì ni ẹ̀rù tó bà mí jù wà. Mo ti rí àbọ̀ tí wọ́n kọ tán, tí kò sí ẹni tó gbé e síwájú ilé fún ìjíròrò, tí eruku sì bò ó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí níbi tí kámẹ́rà kì í dé. Ìwé la máa ń kọ́kọ́ béèrè, ènìyàn ló ń tẹ̀ lé e. Ìgbìmọ̀ tó bá pe mínísítà kó tó gba ìwé lọ́wọ́ iléeṣẹ́ rẹ̀ ti fún un láyè láti sọ ohun tó wù ú. Nígbà tí ìwé bá dé, a ó tẹ́ wọn sórí tábìlì: ìlà bọ́jẹ́ẹ̀tì, ìwé àdéhùn iṣẹ́, ìwé ẹ̀rí pé iṣẹ́ parí, ìwé ìsanwó. Ibi tí ọjọ́ tó wà lórí wọn kò bá ti bára mu, ibẹ̀ ni ìbéèrè wà. Tí ọjọ́ tó wà lórí ìwé ìsanwó bá ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn, a ò nílò ariwo.

Lẹ́yìn náà ni a ó kọ ìbéèrè fún àwọn aṣòfin. Mo máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bi “ṣé ojú ò tì yín ni?” Ìdáhùn rẹ̀ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. “Ta ló fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí yìí, ọjọ́ wo ló lọ wo iṣẹ́ náà, kí ló rí níbẹ̀?” Ìyẹn ni ẹni tó bá ti búra kò lè rìn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ẹ rántí Watergate, ọ̀rọ̀ ìwà ìbàjẹ́ tó kan Ààrẹ Nixon ti Amẹ́ríkà. Gbogbo ayé mọ ìgbìmọ̀ aṣòfin 7 tí Sam Ervin ṣe alága rẹ̀. Àwọn tó mọ̀ pé òṣìṣẹ́ ìgbìmọ̀ ló bi ìbéèrè tó yí gbogbo rẹ̀ padà kò pọ̀. Ní 13 oṣù keje 1973, ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ń bi Alexander Butterfield, tó ti ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì Ààrẹ, ní ìbéèrè nínú yàrá, láìsí aṣòfin kankan níbẹ̀, kó tó di pé yóò jẹ́rìí ní gbangba. Donald Sanders, tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ Ààrẹ fúnra rẹ̀, rántí pé John Dean, agbẹjọ́rò Ààrẹ nígbà kan rí, ti sọ tẹ́lẹ̀ pé òun fura pé wọ́n ń gba ohùn òun sílẹ̀. Ó bi í bóyá ìdí kankan wà tí Dean fi lè rò bẹ́ẹ̀. Butterfield jẹ́wọ́ pé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wà ní ọ́fíìsì Ààrẹ. Ní ọjọ́ 16, ó tún un sọ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọdún kan lẹ́yìn náà, 24 oṣù keje 1974, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní kí Nixon kó àwọn téèpù jáde. Ó kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní 9 oṣù kẹjọ. Òṣìṣẹ́ tó ti ka ẹ̀rí ẹlẹ́rìí ìṣáájú dáadáa ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àkẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ tún wo ẹgbẹ́ tí òṣìṣẹ́ náà wà.

Akẹ́kọ̀ọ́Ìṣèlú
Mo rí i sà. Mi ò mọ̀ pé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Nixon ni ìbéèrè yẹn ti jáde.

Ayẹ̀wéOwóWò
Kí n fi kún ti Akọ̀wéTẹ́lẹ̀: kò pọn dandan kí ìgbìmọ̀ dúró kí owó tán. Ní oṣù kẹta 1941, ilé aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ lábẹ́ aṣòfin Harry Truman láti máa wo iṣẹ́ ìpèsè ohun ìjà. 15,000 dọ́là péré ni wọ́n kọ́kọ́ fún wọn láti fi ṣiṣẹ́. Truman kọ̀ láti dá sí bí àwọn ọ̀gágun ṣe ń jagun. Ohun tí wọ́n rà àti iye tí wọ́n rà á ló dojú kọ, nígbà tí iṣẹ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́.

AráÌlú
Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ò tí ì dáhùn ohun tó gbé mi wá. Wọ́n ti gba ìwé, wọ́n ti bi ìbéèrè, wọ́n ti kọ àbọ̀. Ìjọba ní àwọn ti gbọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?

Akọ̀wéTẹ́lẹ̀
Lẹ́yìn ìyẹn ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọmọ mi. Ìgbìmọ̀ fúnra rẹ̀ kì í dá ènìyàn lẹ́jọ́, kì í lé òṣìṣẹ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Àbá ló ń dá. Níbi tí ètò bá ti dára, gbèdéke wà fún ìdáhùn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oṣù 2 ni wọ́n retí pé kí ìjọba fi dáhùn àbọ̀ ìgbìmọ̀, kó sì sọ èyí tó gbà àti èyí tí kò gbà níkọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá gbà, ìgbìmọ̀ yóò máa béèrè rẹ̀. Mo ní ìwé gbàǹgbà kan nígbà ayé mi níbi iṣẹ́. Gbogbo ìlérí tí ọ̀gá iléeṣẹ́ bá ṣe níwájú ìgbìmọ̀, mo kọ ọ́ síbẹ̀: kí ló ṣèlérí, ta ló ṣe é, ọjọ́ wo ló dá. Ìjókòó tó bá tẹ̀ lé e, kí alága tó bi ìbéèrè tuntun, màá ka àwọn tó ti kọjá ọjọ́ wọn fún gbogbo ènìyàn gbọ́. Àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ kò fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n máa ń mú ìwé tí wọ́n jẹ wá wá nítorí rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni owó. Bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún tó ń bọ̀ yóò padà wá sí iwájú ìgbìmọ̀ kan náà. Aṣòfin tó bá rántí ohun tí wọ́n sọ lọ́dún tó kọjá lè ní “owó tuntun kò sí títí ẹ ó fi ṣàlàyé ti àtijọ́.” Mínísítà tí kò bẹ̀rù ìwé ìpè máa ń bẹ̀rù ìyẹn.

Alágbàwí
Tí ilé bá sì jókòó lé ọwọ́, ilé ẹjọ́ lè bá ilé fúnra rẹ̀ wí. Ní 31 oṣù kẹta 2016, ilé ẹjọ́ tó ń rí sí òfin orílẹ̀-èdè ní Gúúsù Áfíríkà dájọ́ lórí owó ìlú tí wọ́n ná sí ilé Ààrẹ Zuma ní Nkandla. Ààrẹ nìkan kọ́ ni wọ́n dá lẹ́bi. Wọ́n ní ilé aṣòfin náà tàpá sí òfin, nítorí iṣẹ́ tí abala 55 gbé lé e lọ́wọ́ ni láti bi ìjọba ní ìbéèrè, kò sì ṣe é. Zuma san ohun tó lé ní 7.8 mílíọ̀nù ráńdì padà.

Adúróṣinṣin
Èyí mo gbà. AráÌlú, ẹ fi ẹ̀dà ìwé yín ránṣẹ́ sí àwọn oníròyìn náà, kí ìgbìmọ̀ má baà tì í sínú dúrọ́ọ̀.

Akọ̀wéTẹ́lẹ̀
Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ bá ti gbà á. Aṣòfin tó bá kọ́kọ́ rí i nínú ìwé ìròyìn máa ń bínú, á sì fi ìbínú yẹn dá a dúró.

Bí mo ṣe fẹ́ kí ìwé náà rí nìyí. Kó má ju ojú ewé méjì lọ, torí akọ̀wé ìgbìmọ̀ ló máa kọ́kọ́ kà á, iṣẹ́ sì pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà ìlà bọ́jẹ́ẹ̀tì tí owó náà wà, ọdún rẹ̀, iye rẹ̀. Ẹ so àwòrán ilẹ̀ náà mọ́ ọn, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ yà á. Ẹ má pe ẹnikẹ́ni lólè. Ẹ kọ ìbéèrè mẹ́ta tí ẹ fẹ́ kí wọ́n bi, bí mo ṣe kọ ti òkè yẹn, kí aṣòfin lè kà á bó ṣe wà. Ìwé tí ẹ fẹ́ kí wọ́n gbà lọ́wọ́ iléeṣẹ́, ẹ dárúkọ wọn níkọ̀ọ̀kan. Ẹ wá àbọ̀ ayẹ̀wéowówò bóyá iṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Tó bá wà, ẹ tọ́ka sí ìpínrọ̀ rẹ̀, torí ìyẹn kò ní jẹ́ kí wọ́n sọ pé ẹ̀yin lẹ gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ fúnra yín.

Ẹ mú ẹ̀dà méjì lọ sí ọ́fíìsì akọ̀wé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí èyí tí ẹ máa mú padà sílé.

AráÌlú
A ti rí nọ́ńbà ìlà bọ́jẹ́ẹ̀tì náà, ọ̀kan nínú wa sì ń wá inú àbọ̀ ayẹ̀wéowówò lọ́wọ́ báyìí. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí a kọ ni: “Ta ló fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí pé ilé ìwòsàn yìí ti parí, ọjọ́ wo ló sì lọ wò ó?” Tí òǹtẹ̀ bá ti wà lórí ẹ̀dà tiwa, màá padà wá sọ fún yín.